Odindi Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀rọ: Kíkọ Àpèjúwe fún Irinṣẹ́ Kọ̀ǹpútà tí ó ń Wá Àkọsílẹ̀ Òṣìṣẹ́

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé bí ó ṣe yẹ kí a kọ àpèjúwe fún àwọn irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá ń lò láti wá àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́, pàápàá jù lọ ní ibi iṣẹ́ tí orúkọ Yorùbá ti wọ́pọ̀. Ó fi hàn pé àpèjúwe ni ẹ̀rọ fi ń mọ irinṣẹ́, àti pé ohunkóhun tí àpèjúwe bá fò, ẹ̀rọ yóò fi àbá ara rẹ̀ dí i. Ohun mẹ́rin ni àpilẹ̀kọ náà yẹ̀ wò: oríṣiríṣi ọ̀nà tí a ń gbà kọ orúkọ kan ṣoṣo, arọ́pò-orúkọ ọ̀wọ̀, ọjọ́ àti ipò tí a kò ṣàlàyé, àti èsì tí ó ṣófo. Ó parí ọ̀rọ̀ sí i pé ìyàtọ̀ tí èdè Yorùbá ń ṣe láàárín "a kò rí i" àti "kò sí" gbọ́dọ̀ hàn kedere nínú àpèjúwe irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kókó ọ̀rọ̀: àpèjúwe, irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ọgbọ́n àtọwọ́dá, orúkọ Yorùbá, àmì ohùn, àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí; bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Ohun tí ó gbé òwe yìí ró ni pé ọmọlúàbí àti ẹni tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ jọ ní ìmọ̀ kan náà. Wọ́n jọ mọ ilé, wọ́n jọ mọ àṣà, wọ́n sì jọ mọ ohun tí a kì í sọ jáde. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ó ń lo èdè kò sí nínú àjọmọ̀ yìí. Bí a bá sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ fún un, yóò di odindi nínú òun náà, ṣùgbọ́n odindi tí yóò dà lè yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí asọ̀rọ̀ ní lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré bí ó bá kan àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́. Inú àkọsílẹ̀ náà ni owó oṣù, ìgbéga, ìsinmi àti owó ìfẹ̀yìntì ẹni ti ń jáde wá. Ní Nàìjíríà, ọ̀kan lára ìdí pàtàkì tí ìjọba àpapọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ètò IPPIS ní ọdún 2007 ni láti kó àkọsílẹ̀ àti owó oṣù òṣìṣẹ́ sí ojú kan, kí wọ́n lè yọ ayédèrú òṣìṣẹ́ kúrò nínú ìwé owó. Ní àwùjọ tí wọ́n ti ń ṣọ́ ayédèrú òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì, gbólóhùn kan láti ẹnu ẹ̀rọ, pé "kò sí ẹni tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀", lè sọ òṣìṣẹ́ tòótọ́ di ẹni ìfura. Nígbà mìíràn, ẹ̀bi náà kò sí lọ́wọ́ àkọsílẹ̀, kò sì sí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Inú ìlà méjì tàbí mẹ́ta tí a fi ṣe àpèjúwe irinṣẹ́ ni ó wà.

2. Ohun tí irinṣẹ́ jẹ́ àti bí ẹ̀rọ ṣe ń yàn án

Módẹ́ẹ̀lì èdè, èyí tí í ṣe ọkàn ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tí à ń bá sọ̀rọ̀, kì í fúnra rẹ̀ ṣí àpótí àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́. Àwọn tí ó ṣe ètò ni wọ́n ń fún un ní irinṣẹ́. Irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ohun mẹ́ta: orúkọ, àpèjúwe, àti àwọn àyè tí a ní láti kọ nǹkan sí, gẹ́gẹ́ bí àyè inú fọ́ọ̀mù. Bí ènìyàn bá béèrè ìbéèrè, módẹ́ẹ̀lì yóò ka àpèjúwe gbogbo irinṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀, yóò yan ọ̀kan, yóò kọ nǹkan sí àwọn àyè rẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà yóò sì lọ ṣe iṣẹ́ náà. Èsì yóò padà sọ́dọ̀ módẹ́ẹ̀lì, òun ni yóò sì sọ ọ́ di gbólóhùn fún ẹni tí ó béèrè. Ọ̀nà yìí tàn kálẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ilé iṣẹ́ OpenAI gbé e jáde fún àwọn tí ń kọ ètò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé iṣẹ́ Anthropic gbé ìlànà Model Context Protocol jáde, kí irinṣẹ́ kan náà lè wúlò fún oríṣiríṣi ẹ̀rọ.

Ohun tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn ni pé módẹ́ẹ̀lì kì í rí inú irinṣẹ́ náà. Kò mọ bí wọ́n ṣe kọ ètò rẹ̀, kò sì mọ irú àkọsílẹ̀ tí ó ń tú wò. Ohun tí ó mọ̀ kò ju orúkọ, àpèjúwe àti àyè lọ.

Orúkọ nìkan kò sì tó. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò, lẹ́tà tí kò ní àmì, nọ́ńbà àti àmì díẹ̀ bí ìlà ìsàlẹ̀ nìkan ni a lè fi sọ irinṣẹ́ lórúkọ. Bí ẹni kan bá fẹ́ fi Yorùbá sọ irinṣẹ́ rẹ̀ lórúkọ, ohun tí yóò kọ ni wa_osise. Kí ni "wa" yìí? Ó lè jẹ́ wá, tí í ṣe pé kí a wá nǹkan. Ó lè jẹ́ wà, tí a ó fi mọ̀ bóyá ẹnì kan wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó sì lè jẹ́ wa, tí ó túmọ̀ sí ti àwa. Iṣẹ́ mẹ́ta ni àwọn wọ̀nyí, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń jẹ́. Níbi tí àmì ohùn kò bá ti lè dé, àpèjúwe ni yóò ru ẹrù ìtumọ̀.

3. Ìbéèrè mẹ́rin tí àpèjúwe gbọ́dọ̀ dáhùn

Ẹ jẹ́ kí a wo àpèjúwe yìí: "Irinṣẹ́ yìí wà fún àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́." Gbólóhùn náà tọ̀nà ní ti gírámà, kò sì parọ́, síbẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Kò sọ bóyá irinṣẹ́ náà ń wá àkọsílẹ̀, ó ń tún un ṣe, tàbí ó ń pa á rẹ́. Kò sọ bóyá ti àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ nìkan ni, tàbí ti àwọn tí ó ti fẹ̀yìntì pẹ̀lú.

Àpèjúwe tí ó péye gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin. Èkíní ni ohun tí irinṣẹ́ ń ṣe gan-an. Èkejì ni ìgbà tí ó yẹ kí a lò ó. Ẹ̀kẹta ni ìgbà tí kò yẹ kí a lò ó, àti irinṣẹ́ tí a ó lò dípò rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ohun tí yóò dá padà, àti ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àwọn akọ̀wé sábà máa ń gbàgbé. Bí irinṣẹ́ kan bá ń fi orúkọ wá òṣìṣẹ́ tí òmíràn sì ń fi nọ́ńbà òṣìṣẹ́ mú àkọsílẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo jáde, tí àpèjúwe méjèèjì sì jọ ara wọn, kò sí ohun tí módẹ́ẹ̀lì yóò fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Yóò kàn mú èyí tí ó bá wù ú ni.

4. Orúkọ Yorùbá nínú àyè orúkọ

Àyè tí a ń kọ orúkọ sí ni ó le jù nínú irinṣẹ́ irú èyí. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni àkọtọ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ṣóbọ̀wálé lè rí i pé Sobowale ni wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀, tí Shobowale sì wà nínú ìwé ìgbàsíṣẹ́ rẹ̀. Àkọtọ́ òde òní tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1974 kò yí bí àwọn ìdílé ṣe ń kọ orúkọ wọn padà. Nítorí náà ni "sh" àti "aiye" àtijọ́ ṣì fi wà nínú orúkọ títí di òní.

Ìṣòro kejì wà lábẹ́ ojú ìwé, níbi tí ojú ènìyàn kò dé. Nínú ìlànà Unicode, kò sí kóòdù ẹyọ kan fún ẹ́, ìyẹn ẹ tí ó ní àmì òkè lórí. A lè kọ ẹ kí a tó fi àmì ohùn lé e. A lè kọ é kí a tó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. A sì lè bẹ̀rẹ̀ láti orí e lásán, kí a fi àmì méjèèjì sí i, èyíkéyìí lè ṣáájú. Ọ̀nà mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀, wọn kò sì yàtọ̀ sí ara wọn lójú. Ṣùgbọ́n bí ètò kọ̀ǹpútà kò bá kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọ̀kan, ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jẹ́ fún un. Ètò ìsọdọ̀kan tí Unicode là sílẹ̀ lè yanjú èyí. Kò lè yanjú ti àwọn tí ó fi ìlà kékeré olóòró sí abẹ́ lẹ́tà dípò àmì tóótó, nítorí pé Unicode kò ka ìlà àti tóótó sí ohun kan náà.

Àwọn kan yóò ní kí a kúkú yọ gbogbo àmì kúrò nígbà tí a bá ń wá orúkọ. Ó ṣeé ṣe, ó sì máa ń wúlò, ṣùgbọ́n kò ṣàìní ohun tí yóò náni. Ẹni tí ó bá yọ àmì kúrò lórí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ ti dà wọ́n pọ̀ mọ́ oko. Èsì yóò pọ̀ sí i, ẹni tí a kò wá yóò sì wà lára àwọn tí ó jáde. Èyíkéyìí tí olùṣètò bá yàn nínú ọ̀nà méjèèjì, ojúṣe àpèjúwe ni láti sọ ọ́. Bí irinṣẹ́ kò bá ka àmì sí, kí ó sọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń kà á sí, kí ó sọ pé a ní láti dán orúkọ wò pẹ̀lú àmì àti láìsí àmì.

Ìṣòro kẹta ni ti àṣà ìsọmọlórúkọ. Wálé lè jẹ́ ìgékúrú Adéwálé, Ọláwálé tàbí Akínwálé. Ẹni tí gbogbo ọ́fíìsì mọ̀ sí Ìyá Ìbejì kò jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé kankan. Oyè bíi Olóyè, Àlàájì àti Dókítà sì máa ń lẹ̀ mọ́ orúkọ débi pé ẹni tí ó béèrè kò ní yọ wọ́n kúrò. Ó yẹ kí àpèjúwe sọ pé orúkọ ìdílé àti orúkọ ẹni gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé ìgbàsíṣẹ́ ni irinṣẹ́ ń fẹ́, pé kí a má fi oyè kún un, àti pé bí ó bá jẹ́ ìgékúrú tàbí ìnagijẹ nìkan ni ẹ̀rọ ní lọ́wọ́, kí ó kọ́kọ́ béèrè odindi orúkọ.

Ọ̀rọ̀ ìbejì tún wà níbẹ̀, láàárín ẹ̀yà tí ayé mọ̀ mọ́ bíbí ìbejì. Ní ibòmíràn, orúkọ ìdílé pẹ̀lú ọjọ́ ìbí lè dà bí ohun tí ó tó láti fi dá ènìyàn mọ̀. Táíwò àti Kẹ́hìndé tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ibì kan náà yóò ní orúkọ ìdílé kan náà àti ọjọ́ ìbí kan náà. Bí àpèjúwe kò bá sọ pé ohun méjèèjì yìí kò tó, ẹ̀rọ lè gbé àkọsílẹ̀ ẹ̀gbọ́n fún àbúrò láìfura.

5. "Ó" àti "wọ́n" nínú ìbéèrè

Bí a bá fi Yorùbá béèrè, gírámà èdè náà yóò mú ìṣòro tirẹ̀ wá. Arọ́pò-orúkọ "ó" kì í sọ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni à ń sọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ orúkọ Yorùbá, bí Ayọ̀délé àti Ọláyínká, jẹ́ ti tọkùnrin tobìnrin. Bí irinṣẹ́ bá ní àyè fún akọ tàbí abo, àpèjúwe gbọ́dọ̀ sọ pé kò pọn dandan, kí ẹ̀rọ má baà fi àbá kún un.

"Wọ́n" lágbára ju "ó" lọ. Ẹ wo ìbéèrè yìí: "Ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé ìsinmi wọn?" "Wọ́n" àkọ́kọ́ lè tọ́ka sí àwọn aláṣẹ tí a kò dárúkọ. "Wọn" ìkẹyìn lè jẹ́ ti àgbàlagbà kan ṣoṣo tí à ń bọ̀wọ̀ fún, ó sì lè jẹ́ ti òṣìṣẹ́ púpọ̀. Ẹni tí ó wà ní ọ́fíìsì náà mọ ẹni tí à ń wí, ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, bí irinṣẹ́ bá ń gba ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí àpèjúwe sọ ọ́, kí ó sì fi kún un pé ọ̀pọ̀ lè jẹ́ ọ̀wọ̀ nínú ìbéèrè Yorùbá.

6. Ọjọ́ àti ipò nínú èsì

Àpèjúwe tí ó bá dúró sórí ohun tí irinṣẹ́ ń gbà ti ṣe ààbọ̀ iṣẹ́. Ohun tí ó ń dá padà ń fẹ́ àlàyé bákan náà. Ìlànà iṣẹ́ ọba ní Nàìjíríà ni pé òṣìṣẹ́ yóò fẹ̀yìntì bí ó bá pé ọmọ ọdún 60, tàbí bí ó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé. Fún àwọn olùkọ́, òfin ọdún 2022 sọ ọ́ di ọdún 65 tàbí 40. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gba ènìyàn síṣẹ́ ni a fi ń ka ọdún iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ kan náà máa ń ní ọjọ́ ìgbàsíṣẹ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ ìfìdímúlẹ̀ àti ọjọ́ ìgbéga ìkẹyìn. Bí irinṣẹ́ bá dá ọjọ́ mẹ́ta padà tí gbogbo wọn kàn ń jẹ́ "ọjọ́", òṣìṣẹ́ ọba tí wọ́n gbà ní 1995, tí wọ́n sì gbé ga ní 2015, lè gbọ́ pé nínú ọdún 2050 ni ọdún 35 òun yóò pé, nígbà tí ó jẹ́ pé 2030 ni. Kí àpèjúwe dárúkọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì sọ bí a ṣe kọ ọ́. 03/04/1995 jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni. Bí a bá kọ ọ́ ní 1995-04-03, tí a sì sọ pé ọdún ni ó ṣáájú, tí oṣù tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ tó kẹ́yìn, iyèméjì parí.

Ipò òṣìṣẹ́ náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Nínú àkọsílẹ̀ púpọ̀, àmì kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò fún ẹnikẹ́ni tí kò gba owó oṣù lọ́wọ́lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ ẹni tí ó lọ kàwé, ẹni tí wọ́n dá dúró fún ìgbà díẹ̀, ẹni tí ó fẹ̀yìntì tàbí ẹni tí ó ti kú. Bí àpèjúwe kò bá la èyí yé ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ sì fi Yorùbá dáhùn pé "Alàgbà Adéwálé kò sí mọ́", ohun tí ẹbí yóò gbọ́ ni pé bàbá ti di aláìsí.

7. "A kò rí i" kì í ṣe "kò sí"

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo jù ni èsì tí ó ṣófo. Èdè Yorùbá fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pààlà síbí: a wá a, a kò rí i, kò sí. Ẹni tí ó wá nǹkan tí kò rí i ń sọ nípa ìrìn àjò tirẹ̀. Ẹni tí ó ní nǹkan kò sí ń sọ nípa ayé. Kò sí ẹni tí yóò wá ewúrẹ́ rẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé kan ṣoṣo kí ó tó kéde pé ewúrẹ́ kò sí mọ́ nílùú. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe nìyẹn bí irinṣẹ́ bá dá òfìfo padà tí àpèjúwe kò sì sọ ohun tí òfìfo túmọ̀ sí.

Òfìfo lè wáyé nítorí àkọtọ́, nítorí àmì, nítorí pé obìnrin ti yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó, nítorí pé ẹ̀ka mìíràn ni àkọsílẹ̀ wà, tàbí nítorí pé ẹni tí ó béèrè kò ní àṣẹ láti rí i. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, òṣìṣẹ́ náà wà. Àpèjúwe tí ó bá gbé ohun tí a ti sọ yẹ̀ wò lè rí báyìí:

"Irinṣẹ́ yìí ń fi orúkọ wá òṣìṣẹ́ nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́. Kì í yí ohunkóhun padà. Lò ó bí ẹni tí ó béèrè bá dárúkọ òṣìṣẹ́ kan ṣùgbọ́n tí kò mọ nọ́ńbà rẹ̀. Má ṣe lò ó fún ẹni tí ó ti fẹ̀yìntì, lo wa_afeyinti. Má ṣe lò ó fún ọ̀rọ̀ owó oṣù. Kọ orúkọ ìdílé àti orúkọ ẹni, láìfi oyè kún un. Irinṣẹ́ kò ka àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà sí, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé Sola àti Shola lè jẹ́ ọ̀kan náà; dán méjèèjì wò. Yóò dá orúkọ, nọ́ńbà òṣìṣẹ́ àti ẹ̀ka padà, fún ẹni mẹ́wàá ó pọ̀ jù. Bí ó bá ju ẹnì kan lọ, má ṣe yan ọ̀kan. Béèrè ẹ̀ka tàbí nọ́ńbà òṣìṣẹ́. Bí èsì bá ṣófo, a kò rí orúkọ náà bí a ṣe kọ ọ́ ni. Má ṣe sọ pé òṣìṣẹ́ náà kò sí."

Ó gùn ju gbólóhùn kan lọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a lè yọ nínú rẹ̀ láìṣí ilẹ̀kùn fún àṣìṣe kan.

8. Àpèjúwe kì í ṣe àgádágodo

Àṣìṣe kan wà tí ó yẹ kí a yàgò fún. Bí a bá kọ ọ́ sínú àpèjúwe pé kí ẹ̀rọ má fi owó oṣù han ẹni tí kò ní àṣẹ, a ti kìlọ̀, a kò tíì ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ lè yí ẹ̀rọ lọ́kàn padà. Inú ètò fúnra rẹ̀ ni ìdènà gbọ́dọ̀ wà. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, béèrè pé kí a lo dátà ènìyàn fún ìdí tí a fi gbà á, kí ó má sì ju ohun tí a nílò lọ. Irinṣẹ́ tí ó ń wá ẹ̀ka òṣìṣẹ́ kò ní ohun tí ó fẹ́ fi ọjọ́ ìbí tàbí nọ́ńbà báńkì ṣe, nítorí náà kò yẹ kí ó dá wọn padà rárá.

Bákan náà ni ó yẹ kí a dán àpèjúwe wò kí a tó gbẹ́kẹ̀ lé e. A lè kó ìbéèrè jọ: orúkọ tí ó ní àmì àti èyí tí kò ní, ìgékúrú, ìbejì, ẹni tí ó ti fẹ̀yìntì, àti orúkọ tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ lóòótọ́. Bí ẹ̀rọ bá ṣi irinṣẹ́ yàn, ọ̀rọ̀ inú àpèjúwe ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe. Bí a bá fún òṣìṣẹ́ tuntun tí kò mọ ètò náà ní àpèjúwe kan náà tí òun náà sì ṣi í yàn, a ti mọ̀ dájú pé ọ̀rọ̀ wa ni kò pé.

9. Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé kíkọ àpèjúwe fún irinṣẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà nìkan. Ẹni tí ó mọ àkọtọ́, tí ó mọ bí a ṣe ń sọmọ lórúkọ, tí ó sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ àti ọ̀wọ̀ nínú "wọ́n", ní ohun tí yóò sọ níbẹ̀. Iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá: àtòjọ oríṣi ọ̀nà tí a ń gbà kọ orúkọ kan náà, àtòjọ ìgékúrú àti odindi orúkọ tí wọ́n ti jáde, àti ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó dájú fún ipò òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Títí tí ìwọ̀nyí yóò fi wà, ojúṣe àpèjúwe ni láti sọ odindi ọ̀rọ̀ fún ẹ̀rọ, kí ẹni tí ó ti ń sin ìjọba láti ọjọ́ pípẹ́ má baà di àwátì nínú ìwé nítorí àmì kan tí ó wà lábẹ́ lẹ́tà orúkọ rẹ̀.